Ó Ku Kókó Kan Lórí Mi

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun lásìkò, àbí ìgbà tí ebi bá pa ọ́ tán lo tó ń wá oúnjẹ kiri bí o ti máa ń ṣe nílé? Ọlọ́run tó dá orí rẹ kò ní jẹ́ kí orí náà fọ́ ọ, ọwọ́ tí o fi ń ṣe irun oníirun kò ní gbọ̀n, ẹsẹ̀ tí o fi ń dúró láti àárọ̀ kò ní wú, ọ̀gá rẹ yóò sì máa fi ojú rere wò ọ́. Ṣe àmín níbẹ̀ kí o tó máa kà á lọ, mo ń dúró.

Àwa náà wà. Bàbá rẹ wà níbi iṣẹ́ pákó. Ìyá àgbà ní kí n kí ọ, ó ní eyín kan tó kù ní apá òsì ti ń mì, ṣùgbọ́n òun kò tíì fún un láyè kó lọ. Àbúrò rẹ ti ń jókòó fúnra rẹ̀, bí èèyàn bá sì gbójú kúrò lára rẹ̀ á ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, á wá máa rẹ́rìn-ín nílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni pé òun ló dìídì ṣe é.

Awakọ̀ tó ń kó pákó fún bàbá rẹ ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀, ó ní òun mọ ojú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín. Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá oníná, tó ń bá wa fi iná sí fóònù, nìkan ni ohùn ti ń gbà lágbègbè wa, àwọn èèyàn sì máa ń jókòó síbẹ̀ tẹ́tí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń pariwo rẹ̀. Mo ti sọ ọ́ fún ọ lẹ́ẹ̀kan, mi ò mọ̀ pé o ò gbọ́. Nítorí náà jọ̀ọ́, má fo ìlà kankan, má sì kọ́kọ́ lọ ka ìsàlẹ̀ bí o ti máa ń ṣe sí ìwé ìtàn. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí irun.

O rántí pé mo sọ fún ọ pé ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ń wá obìnrin kan tí yóò máa se àwọn irinṣẹ́ wọn, abẹ́, sísọ́ọ̀sì, àwọn nǹkan tó ń dán yẹn, nínú ìkòkò títí ìdọ̀tí ara wọn á fi kú. Wọ́n ní ẹni tó bá kàwé dé ìparí girama ni àwọn ń fẹ́. Mo ní èmi rèé. Láti ọdún tí mo ti jáde, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni máa béèrè ìwé ẹ̀rí mi. Mo wá a títí, abẹ́ aṣọ ìyá àgbà ni mo ti bá a, ó fi tẹ́ ìdí àpótí.

Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Mo kọ orúkọ, mo kọ ọjọ́ ìbí. Ó wá kan ibì kan tí wọ́n ti béèrè pé ta ni kí àwọn pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí mi. Iṣẹ́ ni mo ń wá, wọn ò tíì gbà mí, wọ́n ti ń retí kí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí mi! Mo kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé KÒ NÍ ṢẸLẸ̀, mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n tún ní kí n kọ nọ́ńbà fóònù ẹni náà. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀, nítorí Ọlọ́run ni mo ní lọ́kàn.

Fọ́tò ló wá kù. Wọ́n ní orí kò gbọdọ̀ ní gèlè, kí etí méjèèjì sì hàn. Wàhálà dé nìyẹn. O mọ̀ bí irun mi ti rí láti ìgbà tí mo ti bí àbúrò rẹ. Iwájú já lọ, ẹ̀gbẹ́ já lọ, àárín nìkan ló ṣẹ́kù bí igbó tí iná jó kù, mo bá gé gbogbo rẹ̀ kó lè dọ́gba. Kò gùn ju oríkèé ìka méjì lọ. Ẹ̀rù sì bà mí pé bí wọ́n bá rí orí mi lásán nínú fọ́tò, wọ́n á ní ẹ wo ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, ibi tí a ti ń wo aláìsàn ló ti ń wá iṣẹ́. Kóòmù gbígbóná kò ṣeé fi sí i, awọ orí ló máa kọ́kọ́ jó. Ìgbà yẹn ni mo pè ọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá oníná, o ní kí n má dààmú, o máa fi hàn mí bí a ti ń di irun kúkúrú ní kókó, tí yóò fi ká jọ rúmúrúmú láìfi iná kàn án.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyá oníná tẹ fóònù lẹ́ẹ̀mejì, ó ní o ti dé. Mo gbé ọ lọ sílé.

Ọmọ mi, bá mi ro ó wò. Ọjọ́ tí bàbá rẹ ra fóònù yìí wálé, o pè, a rí ara wa, o ní kí n gbé e sókè díẹ̀ torí pé iwájú orí mi nìkan lò ń rí. Nígbà tí mo wá tún rí ọ tí o jókòó lórí àga, tówẹ́ẹ̀lì lọ́rùn, tí o ní ẹ kú ilé o Màmá, kí ni kí n rò? Mo dá ọ lóhùn. Mo béèrè ọ̀gá rẹ, o ò sọ nǹkan kan, mo ní bóyá ó wà nítòsí ni.

Mo gbé ọ ti ìkòkò omi, mo jókòó síwájú rẹ, bí o ti ń ṣe ni mo ń ṣe. O pín irun, o wọ́n omi díẹ̀ sí i, o fi ìpara pa á láti ìdí dé ṣóńṣó, o wá ń lọ́ ọ, ò ń lọ́ ọ, títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ká ara rẹ̀ jọ bí ejò tó fẹ́ sùn. O yí i po ìdí ara rẹ̀, o ki ìrù rẹ̀ bọ abẹ́, ó di kókó kan. O ní ibi tí irun bá ti kúrú jù, tí ìrù ò dé abẹ́, kí n fi rọ́bà tín-ín-rín mú un, kí n má sì fà á débi tí ojú mi á fi là ju bí Ọlọ́run ti dá a lọ. Nígbà tí o yára jù mo ní kí o dúró dè mí, o ò dúró, mo ní ìlú ńlá ti wọ̀ ọ́ lára. Ti iwájú já bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo parí, tìẹ jẹ́ mọ́kànlá, tèmi jẹ́ mẹ́rìnlá.

Bàbá rẹ wọlé, ó wò mí, ó bọ́ fìlà, ó ní òun ò mọ̀ pé oko wà nínú yàrá òun, ebè mẹ́rìnlá, ó ku kí òjò rọ̀. Ìyá àgbà ní kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀ jàre. Ó ní ṣebí orí burúkú kì í wú tuulu, tèmi ti wú lójú mẹ́rìnlá, kò sí bí kò ṣe ní jẹ́ orí ire.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí o sọ kẹ́yìn. O na ìka sí mi, o ní ẹ má tú u o, Màmá, ẹ má tú u títí ẹ ó fi rí mi tí mo tú tèmi, ká jọ tú u. Ojú mi ni o fi ojú rẹ sí tí o fi sọ ọ́. Lẹ́yìn náà o rẹ́rìn-ín, o ní kò sí wàhálà, ẹ fara balẹ̀, o sì dákẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú mo ṣí ọ kí n wò ó bóyá o ti tú u. Mo bá ọ tí irun rẹ wà lásán, tí o tún ń pín in láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní háà, ṣé ó tú mọ́ ọ lórí lójú oorun ni? Blúùsì àwọ̀ ewé yẹn náà, tówẹ́ẹ̀lì yẹn náà. O tún di mọ́kànlá, o tún na ìka sí mi pé kí n má tú u. Mo ní kò burú, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé, bákan náà. Mo wò ọ́ láàárọ̀, mo wò ọ́ lọ́sàn-án, o ń dì í. Agogo ara ògiri ẹ̀yìn rẹ ò kúrò ní aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, mo ní kí o sọ fún ọ̀gá rẹ kó ra bátìrì sí i. Ohun tó wá kó mi láyà sókè ni ọkùnrin oníbọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn. Bí o bá ti dé kókó kẹrin, ọkùnrin kan á gba ẹ̀yìn rẹ kọjá, a ò rí ju àyà rẹ̀ sísàlẹ̀ lọ, á dúró díẹ̀, á lọ. Kókó kẹrin ni lójoojúmọ́, kì í dé nígbà kẹta, kì í pẹ́ di ìgbà karùn-ún. Mo ní ta nìyẹn? Kí ló ń dúró wò? Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún mo bú u. Mo ní ìwọ bàbá yìí, ṣé o ò níṣẹ́ ni, ọmọ ẹlòmíràn lo ń ṣọ́ bẹ́ẹ̀? Kò tiẹ̀ wò mí.

Láti ìgbà náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́. Irú ọ̀gá wo ló máa mú ọmọ ọlọ́mọ jókòó sójú kan, kó máa di orí ara rẹ̀, kó tú u, kó tún dì í, láìpààrọ̀ aṣọ? Ṣé o ba irun oníbàárà jẹ́ ni wọ́n fi ń fi ìyà jẹ ọ́? Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ. O kàn ń rẹ́rìn-ín sí mi, irú ẹ̀rín tí èèyàn ń rín nígbà tí ẹnì kan bá dúró sẹ́yìn fóònù tó ń ṣọ́ ọ. Mo pè ọ́ láti inú ilé, kò gbà, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ ń gbà. Mo ní bóyá ojú nìkan ni wọ́n fún ọ láyè, wọn ò fún ohùn. Mo sáré lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá oníná, mo pè lẹ́ẹ̀mẹfà, ó dún, ó dún, o ò gbé e.

Nǹkan kejì sì wà nísàlẹ̀ rẹ nínú fóònù, ó ṣú bí ojú ọjọ́ tó fẹ́ rọ òjò, ọfà kan wà láàárín rẹ̀ tó dojú kọ ilẹ̀. Mo kàwé, mo mọ ọfà. Bó bá dojú kọ ọ̀tún, ọ̀tún ni èèyàn á yà. Nítorí náà mo gbé fóònù sílẹ̀ lórí ẹní, kò ṣí. Mo gbé e sórí símẹ́ńtì, kò ṣí. Mo gbé e sórí àkàsọ̀ ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, mo dúró tì í. Ìyá àgbà ń wò mí, ó ní ṣé kóun lọ mú ọkọ́ wá ká sin ín.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí àbúrò rẹ sùn, tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé, mo ṣí ọ, mo sì sọ ọ̀rọ̀ kan fún ọ, ọ̀rọ̀ tí mi ò lè sọ láti ọjọ́ tí o ti lọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún pẹ́ kó tó jáde, torí náà nígbà tí mo máa fi sọ ọ́ tán, o ti di kókó kẹsàn-án, kẹwàá, kọkànlá. O rẹ́rìn-ín, o ní kò sí wàhálà, ẹ fara balẹ̀. Mo bú sẹ́kún. Ọjọ́ yẹn ni mo tó sun oorun àsùnwọra láti oṣù mẹ́jọ tí o ti lọ.

Ṣùgbọ́n o ò tú irun. Ní ọjọ́rú, orí ń yún mi bí ẹni pé èèrà ń kọ́lé síbẹ̀, mi ò lè fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, àwọn tó wà níwájú ń fa ojú mi sókè débi pé bàbá rẹ ní ó dà bí ìgbà tí gbogbo nǹkan ń yà mí lẹ́nu. Mo ní mi ò ní tú u. Bí ọmọ mi bá wà nínú ìyà lórí àga yẹn, tó ní ká jọ tú u, ṣé èmi ìyá rẹ̀ ni máa kọ́kọ́ tú tèmi kí n fi tirẹ̀ sílẹ̀? Mo di ẹrù. Aṣọ méjì, ìlédìí àbúrò rẹ. Mo ní mò ń bọ̀ wá gbé ọ. Bàbá rẹ ní kí n fara balẹ̀, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù kẹ́yìn, kí n fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ná, lọ́jọ́ Ẹtì kí n wọ ọkọ̀ pákó.

Bí mo ṣe lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ nìyẹn, pẹ̀lú kókó mẹ́rìnlá lórí. Ó béèrè pé ṣé mo fẹ́ tú u ni kóun dúró dè mí. Mo ní rárá, ọmọ mi ò tíì tú tirẹ̀. Ó wò mí, ó wo ọ̀nà, ó ya á kíákíá.

Àwa mẹ́rin la wà níwájú nọ́ọ̀sì àgbà, obìnrin kan tó sanra, tí ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Àwọn mẹ́ta yòókù ti na irun, ó ń dán. Èmi ni mo kẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì wo fọ́tò, ó wo orí mi, ó tún wo fọ́tò. Ó ka ibi tí mo kọ KÒ NÍ ṢẸLẸ̀ sí, ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè, ó tún un kà. Ó wá ní kí ló wà lórí mi. Mo ní irun ni, mà. Ó ní òun mọ̀ pé irun ni, kí ló dé tí mi ò tú u wá. Mi ò lè parọ́ mọ́, irọ́ ti sú mi, wàá rí ìdí rẹ̀ níwájú. Mo sọ gbogbo rẹ̀: àga, agogo, ọkùnrin oníbọ́kẹ́ẹ̀tì, ìwọ tí o ti ń di orí rẹ láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo ní mà, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni nínú ìlú yẹn, ẹ bá mi pè é, kó lọ wo ọmọ mi.

Ó na ọwọ́, mo gbé fóònù fún un. Ó wo ìwọ. Ó wá fi àtàǹpàkò kan ọfà yẹn, ó kàn án lásán ni o, ohùn sáà ń gbà lọ́dọ̀ tiwọn, nǹkan tó ṣú náà sì là.

Mo rí ọ. Blúùsì pupa. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀. O ní ẹ káàárọ̀ Màmá, ilẹ̀ ti mọ́, ẹ jẹ́ ká tú u. O fi òróró pa ìka, o tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti ibi tí ìrù rẹ̀ wà, o ní kí n má fi kóòmù kàn án, o mi orí, irun rẹ sì ń fò sókè sódò bí sípíríǹgì. O ní oníbàárà pọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀gá yín á máa kó fóònù yín pa mọ́, bí mo bá pè tí o ò gbé e, kí n má bẹ̀rù. Ọkùnrin oníbọ́kẹ́ẹ̀tì kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ wo inú fóònù, àgbàlagbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, o kí i ní Bàbá Olómi. Bá mi bẹ̀ ẹ́ o. Mo bú bàbá oníbàbá.

Nọ́ọ̀sì tí kì í rẹ́rìn-ín fi orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń mì. Àwọn mẹ́ta yòókù ń gbá ara wọn mú. Ó nu ojú, ó ṣàlàyé fún mi pé èyí yàtọ̀ sí ìgbà tí èèyàn bá pè, pé ìwọ inú fóònù yẹn dà bí fọ́tò tí wọ́n gbé kọ́ ògiri, ohun tí o ṣe lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ló ń tún ṣe, kò gbọ́ mi, kò rí mi. Ó ní ṣé mo máa ń bá fọ́tò ara ògiri ilé mi sọ̀rọ̀ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, mo máa ń kí ti bàbá mi. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín.

Èmi ò lè rín in. Mo yẹ kí n máa yọ̀, o wà lálàáfíà, kò sí ẹni tó fìyà jẹ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ló dúró sí mi lọ́kàn: ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó túmọ̀ sí pé o ò gbọ́. Ó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ kò-sí-wàhálà tí o sọ yẹn, kì í ṣe èmi lo sọ ọ́ fún. Mo ti ń sun oorun tí kì í ṣe tèmi. Omijé bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sórí fọ́ọ̀mù, nọ́ọ̀sì rò pé torí iṣẹ́ ni. Ó fa fọ́ọ̀mù kúrò kó má baà tutù, ó ní kí n dákẹ́. Ó ní ẹni tó wà níbi ìkòkò tẹ́lẹ̀, kì í lè dúró kí àkókò pé, yóò máa ṣí ọmọrí wò, àwọn irinṣẹ́ ò ní jinná. Ó ní ẹni tí wọ́n sọ fún pé kó má tú nǹkan, tó fara da á láti Àbámẹ́ta di Ọjọ́bọ̀ tí kò tú u, ẹni náà ló lè dúró ti ìkòkò òun. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni máa bẹ̀rẹ̀.

Mo gba iṣẹ́, mo sì sunkún délé.

Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nìyí. Mò ń kọ ọ́ báyìí kó lè dé ọ̀dọ̀ ìwọ tí o ní etí.

Ọ̀sẹ̀ tí o máa lọ, mò ń ya irun rẹ ní ẹ̀yìnkùlé, mo pariwo pé iná orí ti wọ̀ ọ́ lórí. Mo fi kòkòrò kan hàn ọ́ ní àtẹ́lẹwọ́ mi, mo ní òun rèé, pé bí a ò bá gé e, ọ̀gá rẹ máa dá ọ padà. Irun rẹ ti dé èjìká. O jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi, mo gé e, o ń sunkún láìpariwo, o kó irun náà jọ sínú ọ̀rá, o ò sì bá mi sọ ju ẹ káàárọ̀ àti ó dàárọ̀ lọ títí ọkọ̀ fi gbé ọ. Kò sí iná orí, ọmọ mi. Inú ẹ̀wà tí mo ṣà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo ti mú kòkòrò náà. Mo fi pamọ́ sí etí aṣọ mi.

Ẹ̀rù ló bà mí. Èmi náà ní irun tó dé èjìká nígbà tí mo wà ní kíláàsì ìkẹyìn. Bàbá rẹ á dúró lẹ́bàá ọ̀nà, á ní kóun bá mi gbé ìwé, irun yẹn ló ń wò. Kí ìwé ẹ̀rí mi tó jáde, mo ti lóyún rẹ. Mi ò kábàámọ̀ rẹ, gbọ́ mi dáadáa, mi ò kábàámọ̀ rẹ rí, àní lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí mo bá mú irun kúrò lórí rẹ, kò ní sí ẹni tó máa dúró lẹ́bàá ọ̀nà de ọmọ mi títí yóò fi kọ́ iṣẹ́ tán. Ó yẹ kí n jókòó bá ọ sọ̀rọ̀, kí n sọ ọ̀nà tí mo gbà fún ọ. Ojú tì mí, sísọ́ọ̀sì sì wà nítòsí. Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ìwọ olórí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ ò sí níbẹ̀, torí náà ẹ̀yìn rẹ ni mo ti fá a. Nígbà tí irun tèmi náà wá já lọ lẹ́yìn ìbímọ, mo mọ ohun tí mo ń rò lọ́kàn, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Irun tí mo sì gé kúrú lórí rẹ yẹn náà ni o fi jókòó lórí àga, tí o fi ń kọ́ mi bí tèmi ṣe máa dára.

Má bínú. Bí o bá sì fẹ́ bínú, bínú, ṣùgbọ́n jẹ́ kó jẹ́ èmi gan-an lo ń bá bínú, kì í ṣe iná orí.

Mo ti ń tú orí mi láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Mo fi òróró pa ìka bí o ti wí, mi ò fi kóòmù kàn án. Ó dára, ọmọ mi, ó ká jọ, ó le koko bí ohun tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe, ìyá àgbà fi ìka kan fà á, ó fò padà, ó fà á lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ní kí n di tòun náà lọ́la, irun méjìlélógún tó kù lórí rẹ̀ yẹn. Mẹ́tàlá ni mo tú. Ìkẹrìnlá wà lẹ́yìn etí ọ̀tún, gèlè bò ó, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mi ò tú u. O ní ká jọ tú u, mo ṣì ń dúró.

Nígbà tí awakọ̀ bá ń padà bọ̀, fi rọ́bà tín-ín-rín àti pínnì irun dúdú díẹ̀ rán sí mi. Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó díẹ̀ kún un kí n fi tún fọ́tò yà, torí pé ebè mẹ́rìnlá yẹn ni wọ́n lẹ̀ mọ́ káàdì mi, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ẹni tó ń ṣọ́ géètì kò ní mọ̀ mí lọ́jọ́ Ajé bí mi ò bá tún un dì kí n tó wọlé. Bí ọwọ́ rẹ ò bá dẹ̀, fi owó sílẹ̀, fi rọ́bà sílẹ̀, èsì nìkan ni kí o fi rán an. Kò gbọdọ̀ gùn. Ohun tí o sọ nínú fóònù yẹn tó mi, bí o bá lè sọ ọ́ lẹ́yìn tí o ti ka èyí. Bí o ò bá tíì lè sọ ọ́, má fi tipá sọ ọ́ o. Mo ti mọ bí a ti ń dúró.

Ọlọ́run á pa ọ́ mọ́ fún mi nínú ilé tí mi ò mọ̀ àti ní ojú ọ̀nà tí mi ò rí. Ẹni tó bá dúró dè ọ́ lẹ́bàá ọ̀nà, ire ni yóò bá dúró. Irun rẹ á hù, á kọjá èjìká, kò sì sí ọwọ́ tí yóò tún kàn án láìjẹ́ pé o ní kó kàn án, títí kan ọwọ́ mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, tí kókó kan kù lórí rẹ̀.